Ọmọ́yẹlé àti Àwọn Igi Ilé-Ìwé Ìrì Òwúrọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi o!

— Ìyá wa o!

Ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìtàn?

— Àwa ni, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa!

Ṣé etí yín wà nílé?

— Ó wà nílé, ó ti tẹ́ ẹní!

Ó dáa. Ìtàn mi gbéra nílẹ̀ bí èéfín, ó fò lórí òkè, ó fò lórí oko ẹ̀gẹ́, kò bà lé Ìjàpá, kò bà lé Ìgbín. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́yẹlé ló bà lé, ní Kàbà níhìn-ín. Kò tíì kú o. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Iyamoye lọ lọ́la, ẹ óò bá a ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ óò sì kí i pé, "Okun o, Ìyá."

Nígbà tí Ọmọ́yẹlé kéré bí ẹ ti kéré yìí, ní Iyamoye tí wọ́n bí i sí, ọmọ kan ṣoṣo ni agbára bàbá rẹ̀ ká láti rán lọ sílé-ìwé, ó sì rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Iṣẹ́ ti Ọmọ́yẹlé ni kó máa gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a. Á gbé iṣu sísun sínú abọ́, á rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú koríko tó ga jù ú lọ. Bó bá débẹ̀, kì í tètè padà. Á dúró lẹ́yìn fèrèsé. Fèrèsé náà ga, kò rí inú ilé, ṣùgbọ́n ohùn tíṣà á máa bọ̀ bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, tí èèyàn ń gbọ́ tí kò rí. Ó gbọ́ A, ó gbọ́ B, ó gbọ́ ìṣirò, ó gbọ́ orin Dáfídì, kò sì rí ojú ọ̀kan nínú wọn. Nínú orí tirẹ̀, àgbò pupa ni A. B jẹ́ arúgbó tó fọwọ́ lẹ́yìn. Ìgbà tó dàgbà tán ni ẹnì kan wá fi A hàn án lára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Inú bí i díẹ̀, nítorí kò ní ìwo.

Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní aṣọ híhun. Ẹ mọ òfì tí àwọn obìnrin wa ń lò, èyí tó máa ń dúró ti ògiri bí ìlẹ̀kùn tí kò ṣí síbì kankan. Ìdí rẹ̀ ni Ọmọ́yẹlé ti di ọ̀dọ́bìnrin, ìdí rẹ̀ náà ni Olúṣèyí, àgbẹ̀ ará Kàbà, ti rí i tó sì fẹ́ ẹ. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Gbogbo wọn kàwé, nítorí Ọmọ́yẹlé ti pinnu pé ọmọ òun kankan kò ní dúró lẹ́yìn fèrèsé ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, Olúṣèyí kú. Àwọn ọmọ bá iṣẹ́ lọ sí Lọ́kọ́ja àti Abùjá. Ilé wá dákẹ́, ó ku òun àti òfì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, tí òkè ti wọ inú kùrukùru lọ tí èèyàn kò mọ ibi tí òkè parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀, oorun gbé Ọmọ́yẹlé lórí àpótí tó jókòó lé. Ó lá àlá. Ó rí i pé òwú tó ta sórí òfì kì í ṣe òwú mọ́. Ọmọ ni wọ́n. Wọ́n tò lọ gbọọrọ, funfun àti búlúù, wọ́n ń kọrin ìyìn Olúwa, agogo kan sì ń dún lẹ́yìn òkè. Agogo náà kò yá, kò sì falẹ̀. Nígbà tó lajú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára òwú, ó sì ṣì ń gbọ́ agogo náà fún ìgbà díẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò tó ti lọ.

Ó sọ ọ́ fún Bọ́ládé, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta epo pupa. Mùsùlùmí ni Bọ́ládé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Ilé-ìwé?" Bọ́ládé pàtẹ́wọ́. "Ìwọ tó o máa ń dorí fóònù kodò tó o bá fẹ́ gbé e?"

"Mi ò sọ pé èmi ni n óò kọ́ wọn."

"Ta wá ni? Àbí àgbò pupa tó ń jẹ́ A?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bọ́ládé gbé igbá epo rẹ̀ rù, ó yíjú padà. "Bó o bá dá a sílẹ̀, ọmọ ọmọ mi ni n óò kọ́kọ́ mú wá. Virtue yẹn, ìyá rẹ̀ kúkú ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ́ ọ ní Jésù, mi ò bá yín jà. Ẹ ṣáà jẹ́ kó mọ̀wé. Bó bá délé, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kírun."

Lóòótọ́, àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀ kí àlá tó dé. Àwọn ìyá tó ń lọ sóko máa ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ Ọmọ́yẹlé nídìí òfì, nítorí ó ń jókòó sójú kan. Méje ni wọ́n. Ọ̀dọ́bìnrin kan sì wà tó háyà yàrá nínú ilé rẹ̀, Ìdùnnúolúwa, ọmọ Odò-Ẹrẹ̀. Ó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, kò ríṣẹ́, ó ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá títì. Ọmọ́yẹlé pè é lọ́jọ́ kan, ó fi àwọn ọmọ náà hàn án, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí ò ń gbé kiri nínú orí rẹ yẹn, ṣé o lè sọ ọ́ kalẹ̀ síhìn-ín?"

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lábẹ́ àtíbàbà òfì. Pákó kan ni wọ́n fi èédú àti ewé ẹ̀gẹ́ pa títí ó fi dúdú. Ìdùnnúolúwa ń kọ́ wọn, Ọmọ́yẹlé ń hun aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ dáhùn, ohùn rẹ̀ á jáde pẹ̀lú tiwọn láìmọ̀, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó ti gba fèrèsé náà wọlé. Wọ́n sọ ilé-ìwé náà ní Ìrì Òwúrọ̀, nítorí bí àwọn ọmọ bá dé, ìrì inú koríko á ti rẹ ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún, wọn á sì tẹ ẹsẹ̀ tútù kékeré kékeré síwájú ilé, títí oòrùn á fi nù ún.

Ìgbà tí àwọn ọmọ kún àtíbàbà tí òjò ń pa àwọn tó wà létí, Ọmọ́yẹlé lọ bá Bàbá Babátọ́pẹ́, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè.

"Okun o, Bàbá."

"Okun, ìyàwó wa. Aṣọ lo gbé wá ni?"

"Rárá, Bàbá. Ilẹ̀ ni mo wá tọrọ. Kì í ṣe fún ara mi. Àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ àtíbàbà mi ni."

Babátọ́pẹ́ dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le nígbà náà, ó mú un lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ó fi ọ̀pá júwe láti ibi òkúta dé etí odò kékeré. "Ibí yìí ni mo fún ọ lò. Kọ́ ilé, mo fọwọ́ sí i. Gbin ẹ̀wà, gbin ẹ̀pà, gbin àgbàdo tí àwọn ọmọ á jẹ. Ṣùgbọ́n má gbin igi."

"Igi kankan, Bàbá?"

"Igi kankan. Ilé kì í bí ilé. Igi ni ń bímọ. Bó o bá gbin igi lónìí, lọ́la ọmọ ọmọ rẹ á jókòó sábẹ́ rẹ̀, á ní, 'Igi ìyá ìyá mi rèé.' Ẹni tó ni igi ló ni ìdí igi, ẹni tó ni ìdí igi á ní òun ló ni ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá."

"Mo gbọ́, Bàbá. Mi ò ní gbin igi."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ gbogbo wa. Ẹni tí a yá ní ilẹ̀, ohun tí à ń ká lọ́dọọdún ló ń gbìn. Bó bá ri igi mọ́lẹ̀, ó ti fi ọwọ́ sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ. Ọmọ́yẹlé mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn òbí ru yanrìn láti odò. Wọ́n fi amọ̀ kọ́ yàrá mẹ́ta, nígbà tó yá wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ mẹ́ta mìíràn, páànù bò ó. Àwọn ìjọba wá wò ó, wọ́n sì fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ọmọ́yẹlé kò lè kà á, ṣùgbọ́n ó máa ń fi aṣọ nù ún láràárọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Aṣọ funfun àti búlúù ni wọ́n ń wọ̀. Agogo wọn jẹ́ irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n so kọ́, bí wọ́n bá lù ú, òkè á dá a lóhùn. Láàárọ̀ ọyẹ́, bí kùrukùru bá bo ilẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ sóko kì í rí ọmọ kankan. Orin ìyìn nìkan ni á máa gòkè bọ̀ láti inú funfun yẹn. Àwọn mìíràn máa ń dúró, wọn á ṣí fìlà.

Ohun kan ṣoṣo ni kò sí: òjìji. Oòrùn ìsàlẹ̀ òkè yẹn kì í ṣeré. Bí àsìkò ìṣeré bá tó, àwọn ọmọ á lẹ̀ mọ́ ògiri bí alángbá, wọn á máa sún bí òjìji ògiri ṣe ń sún, títí kò fi ní ju ìbú àtẹ́lẹsẹ̀ lọ.

Ní ọdún kan, Virtue, ọmọ ọmọ Bọ́ládé, mu máńgòrò lẹ́yìn yàrá, ó ju kóró rẹ̀ sílẹ̀. Òjò rọ̀. Kóró hù. Ewé rẹ̀ pupa bí ahọ́n ọmọ tuntun. Ọmọ́yẹlé rí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á tu. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á. Lẹ́yìn náà ló bu omi, ó dà á sí i nídìí.

"Ìyá," Ìdùnnúolúwa pè é, "ṣebí Bàbá ní kí ẹ má gbin igi?"

"Èmi kọ́ ló gbìn ín. Ọmọdé ló ju kóró sílẹ̀."

"Ìyá o."

"Ṣé ká wá fa ohun tí Ọlọ́run hù tu ni?"

Bí èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ yòókù rí igi Virtue, wọ́n ní, "Tèmi náà ńkọ́?" Ó wá di àṣà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó bá wù ú, á gbé ohun ọ̀gbìn tirẹ̀ wá nínú agolo mílíìkì, máńgòrò tàbí ọsàn, wọn á gbìn ín, wọn á fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ní ọdún mẹ́jọ, wọ́n di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nírọ̀lẹ́, bí gbogbo ènìyàn bá ti lọ, Ọmọ́yẹlé á máa rìn láàárín wọn, á máa fọwọ́ kan èèpo wọn. Wọ́n tò lọ gbọọrọ. Ó máa ń ṣe é bí ẹni pé bí òun bá lajú, òun á rí ara òun nídìí òfì.

Lọ́dọọdún ló ń gbé iṣu tuntun lọ fún Babátọ́pẹ́. Ẹsẹ̀ ti ń dun bàbá náà, kò lè rìn dé ìsàlẹ̀ òkè mọ́.

"Àwọn ọmọ ńkọ́, ìyàwó wa?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Oòrùn ò pa wọ́n jù?"

"Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn." Á sì wo ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí Philip fi dé. Ọmọ àbúrò Babátọ́pẹ́ ni Philip, Abùjá ló ń gbé, ó padà wálé láti wá dáko kajú. Ó lọ wo ilẹ̀ ẹbí yíká. Ó dé ìsàlẹ̀ òkè, ó dúró, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ká máńgòrò mẹ́ta, ó jẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà ló lọ sọ́dọ̀ bàbá. Ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe Ọmọ́yẹlé.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ oko o," Philip kí i kó tó jókòó. "Máńgòrò yín dùn. Ṣé kí n máa pè yín ní onílẹ̀ báyìí, àbí kí n ṣì dúró díẹ̀?"

"Philip, dákẹ́," Babátọ́pẹ́ ní. Ó yíjú sí obìnrin náà. "Ìyàwó wa, igi mélòó ni?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Bàbá."

"O kà wọ́n."

"Mo mọ orúkọ wọn."

"Wọ́n tún lórúkọ!" Philip ní.

"Orúkọ àwọn ọmọ tó gbìn wọ́n ni."

Babátọ́pẹ́ mi orí. "Ọdún mẹ́jọ lo fi ń gbé iṣu wá bá mi lórí ìjókòó yìí. Mò ń bi ọ́ ní oòrùn, ò ń fi Ọlọ́run dá mi lóhùn. Igi kọ́ ló dùn mí. Dídákẹ́ tó o dákẹ́ ló dùn mí."

Ẹbí ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà kí Ọmọ́yẹlé tó dé, Philip ló sì sọ ọ́ jáde: bí ọdún ìwé bá parí, kí ilé-ìwé kó pátákó rẹ̀, kó wá ibòmíràn. Ọgọ́jọ ọmọ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ibòmíràn.

"Ẹ fún mi di Sátidé," Ọmọ́yẹlé ní. "Kí n kọ́kọ́ tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe."

Ní ilé, Ìdùnnúolúwa ti ń dúró. Òun ni ọ̀gá àwọn tíṣà báyìí, ó sì ti lọ́kọ. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gba lọ́yà. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí a ti wà níbẹ̀, a kọ́ ilé sí i, a gba ìwé àṣẹ. Wọn ò lè kàn lé wa."

"Bí a bá gbà á ní kóòtù, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó o bá ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má purọ́, ibo ni kí èmi kọjú sí?"

"Kí wá lẹ fẹ́ ṣe?"

"N óò gé wọn."

"Bí ẹ bá gé wọn tán tí wọ́n ṣì lé wa ńkọ́?"

Ọmọ́yẹlé wo òfì rẹ̀. "Á jẹ́ pé a lọ. Ṣùgbọ́n a ò ní gbé irọ́ lọ́wọ́ lọ."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kùrukùru bo ìsàlẹ̀ òkè débi pé igi kò ní ìdí, wọ́n kàn léfòó lójú ọ̀run. Ọmọ́yẹlé mú àdá wọ inú rẹ̀. Igi tó kéré jù ló ti bẹ̀rẹ̀, ti Ayọ̀kẹ́mi, ọmọ ọdún mẹ́rin tó wọlé lọ́dún yẹn. Ọwọ́ lásán ló fi fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tútù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Ó gé èkejì, ó gé ẹ̀kẹta. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bọ́ládé ni, ó gbé àáké léjìká, ó so gèlè mọ́dìí. "O ò ránṣẹ́ pè mí. Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n fún láàyè láti dẹ́ṣẹ̀ ní Kàbà ni?"

"Bọ́ládé, padà sílé."

"Ta ló mu máńgòrò àkọ́kọ́? Ọmọ ọmọ mi kọ́? Sún síwájú jàre."

Ariwo àáké ló pe àwọn yòókù. Àwọn òbí wá, àwọn tíṣà wá, àwọn ọmọ dúró lẹ́bàá ògiri. Bí igi bá wó, wọn á dárúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Destiny." "Ayọ̀wálé." Virtue náà dé. Ó ti di ọmọge, ó ti wà ní ilé-ìwé gíga, ó ga ju Ọmọ́yẹlé lọ. Ó di igi tirẹ̀ mú.

"Ìyá àgbà, tèmi nìkan. Ẹ fi tèmi nìkan sílẹ̀."

"Tìrẹ gan-an ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ mi. Èmi ló yẹ kí n fà á tu nígbà tó kéré, tí kò ní dùn ẹ́."

Virtue sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fún òun ní àáké, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gé e.

Ó ku igi mẹ́ta nígbà tí Philip gbé Babátọ́pẹ́ dé lórí ọ̀kadà. Wọ́n gbé àga fún bàbá náà síwájú yàrá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá, ó ń wò. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Igi kan wó. Èkejì wó. Bí ewé ṣe ń lọ sílẹ̀, òkè tí wọ́n ti bò lójú láti ọdún wọ̀nyí wá ń sún mọ́ wọn, títí ó fi dà bíi pé ó jókòó sínú ọgbà náà pẹ̀lú wọn.

Ọkàn Philip ni kò gbà á mọ́. "Bàbá, ẹ ní kó tó. Ó ku ọ̀kan ṣoṣo."

"Jẹ́ kó parí. Ohun tí a bá gé kù máa ń hù padà."

Ọmọ́yẹlé gé e. Ó wó. Ó ku eruku àti òórùn oje máńgòrò. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, ewé lórí, ọwọ́ rẹ̀ ti bó.

"Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Igi ti tán lórí ilẹ̀ yín. Bí ẹ bá ní ká máa lọ, a óò lọ."

Babátọ́pẹ́ kò wò ó. Àwọn ọmọ ló ń wò. Wọ́n dúró ní gbangba, oòrùn ti jáde, wọ́n fọwọ́ bo ojú.

"Oòrùn yìí mú," ó ní.

"Ó mú, Bàbá."

"Bó ṣe máa ń pa wọ́n nìyí?"

"Bó ṣe máa ń pa wọ́n nìyí."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí pé ẹ óò ní rárá."

"Ǹ bá ní rárá," Babátọ́pẹ́ ní. "Ṣùgbọ́n ǹ bá gbin tèmi fún wọn."

Ọmọ́yẹlé gbé ojú sókè. Ẹ̀yin ọmọ, ní gbogbo ọdún yẹn, ìyẹn kò sọ sí i lọ́kàn rí. Igi tí onílẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ta ni yóò bá a du ilẹ̀ lórí rẹ̀? Ọ̀nà náà ti ṣí sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé bàbá yẹn ló wà, níbi tó ń gbé iṣu lọ.

Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ tí ilẹ̀ rọ̀, ẹbí Babátọ́pẹ́ kó ara wọn wá sí ìsàlẹ̀ òkè, lọ́kùnrin lóbìnrin. Philip ló gbé ọ̀gbìn máńgòrò láti ẹ̀yìnkùlé bàbá náà. Wọ́n di Babátọ́pẹ́ mú lápá méjèèjì kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ó dúró, ó gbọn ọwọ́, ó sọ̀rọ̀ sókè kí ọmọdé àti àgbà lè gbọ́.

"Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́rìí. Èmi Babátọ́pẹ́ ni mo gbìn ín. Ilẹ̀ wa ni, igi wa ni. Òjìji rẹ̀ àti èso rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ tó bá ń kàwé níhìn-ín. Níwọ̀n ìgbà tí agogo ilé-ìwé yìí bá ń dún, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi kò gbọdọ̀ lé wọn. Ọjọ́ tí kò bá dún mọ́, kí ilẹ̀ padà sílé."

"Àmín!" ni àwọn ọmọ ṣe. Bọ́ládé náà ṣe é, ó sì ní òun ṣe é lọ́nà ti Mùsùlùmí.

Ọmọ́yẹlé kò fọwọ́ kan igi náà títí di òní. Kì í bu omi sí i, kì í já ewé rẹ̀. Philip ló ń wá pọn omi fún un láti odò lówùúrọ̀ Sátidé, ó ń ráhùn pé Abùjá ni òun wà tẹ́lẹ̀, pé ẹnì kan kò sọ fún òun pé òun á wá di ìránṣẹ́ máńgòrò. Ọmọ́yẹlé á gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún un, á jókòó tì í, wọn á jọ máa wo ọgbà tó ti ṣófo. Oòrùn ṣì ń pa àwọn ọmọ. Wọ́n ṣì ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, nínú kùrukùru, Ọmọ́yẹlé á wo ewé mẹ́fà tó wà lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, á sì rí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí tí wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n ń ṣí ìwé.

Ta ló ń béèrè yẹn? Ṣé ó ti so? Kò tíì so o. Orúnkún Philip ló dé. Igi onílẹ̀ kì í kánjú.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ báyìí, kó má fi ẹní mi ṣe é. Ẹ gbọn ẹsẹ̀ yín, ẹ má kó iyanrìn wọlé. Ìwọ tí o ti sùn lórí itan mi, dìde, ìtàn ti lọ sílé rẹ̀, ó ku kí ìwọ náà lọ sórí ẹní. Ẹ ó jí bá tíṣà lọ́la. Ó yá, ẹ lọ sùn.